Ẹ̀kán Kútẹ́ẹ̀sì

Lórí bẹ́ńṣì onígi ní ibi ìtọ́jú ojú ní UCH,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀,
nọ́ńbà mi jẹ́ mọ́kànlélógójì.
Ìyá kan wá jókòó tì mí.
Ó gbé rédíò kékeré kan lé itan,
ó fi ọ̀rá funfun wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun,
orí nìkan ló kù síta.

Lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wá ilé iṣẹ́,
ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì pupa kan wà níbẹ̀,
ó kéré bí ojú ẹ̀ga.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi tún rédíò ṣe
ní Agbeni, lábẹ́ páànù kan
tó ń jò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì nìkan.
Èyí tó bá tún ṣe tán,
á ki ọwọ́ bọ báàgì ìyá mi,
á yọ kútẹ́ẹ̀sì, á kán an sí bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan péré.
Ìyá mi á bú u. Òun á rẹ́rìn-ín:
“Bó bá tún bàjẹ́, n ó mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.”

Ọdún kẹjọ rèé tí a ti sin ín.
N ò tíì rí ẹ̀kán yẹn mọ́
àfi lára èyí tó wà nílé wa, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo kí ìyá náà. Ìyẹn ò le.
“Ẹ kú ìjókòó, mà.” “O ṣé, ọmọ mi.”
Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Ibẹ̀ náà ni mo dákẹ́ sí.

Kí ni mo fẹ́ sọ gan-an?
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló bá yín tún un ṣe?
Ọ̀rọ̀ tí kò kún ẹnu.
Mo gbé e dé ọ̀fun, mo tún gbé e mì.
Mo ní bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi ṣeré.
Mo ní ojú ló gbé e wá, kì í ṣe ìtàn bàbá mi.
Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìkéde òkú tán ná,
nítorí rédíò ọ̀hún ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ọ̀rá,
ìyá náà sì ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan
bí ẹni pé gbogbo wọn ló jẹ ẹ́ lówó.

Ìkéde tán. Ìpolówó ọṣẹ dé.
Mo la ẹnu.
“Mọ́kànlélógójì!”

Dókítà tan iná sí mi lójú.
Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri,
mo kà á dé ìlà tó kéré jù.
Ó ní ojú mi dá ṣáká.
Kò sí ẹni tó yẹ ẹnu mi wò.

Nígbà tí mo jáde, ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀,
ó ń jẹ gúgúrú.
Mo bi nọ́ọ̀sì. “Ìyá wo? Ìyá pọ̀ níbí.”
Èyí tó gbé rédíò.
Ó ṣí ìwé: “Mùsílíà...”
fáànù òkè sì han gooro,
ó gba orúkọ ìdílé mọ́ ọn lẹ́nu.
N ò ní kó tún un pè.
Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo sáré dé géètì,
mo wo apá Mọ́kọ́lá, mo wo apá Agodi.
Máíkírà mẹ́ta ń kó èrò,
mo ń bẹ̀rẹ̀ wo inú wọn bí ọlọ́pàá.
Awakọ̀ kan ní, “Bọ̀dá, ibo lẹ̀ ń lọ?”
N ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́,
mo máa ń ṣí ìkéde òkú lórí fóònù mi.
Wọ́n á ní Mùsílíà,
ọwọ́ mi á dúró nínú abọ́,
títí wọ́n á fi pe orúkọ tó tẹ̀ lé e,
orúkọ tí n ò mọ̀,
tí n ò lè fi mọ̀ bóyá òun ni.