Ìwé Máàkì

Wọ́n fún mi ní ìwé máàkì, wọ́n fún mi ní báírò pupa,
wọ́n gbé omi inú ọ̀rá méjì síwájú mi
bí ẹni pé èmi ni n óò sọ̀rọ̀ dọ̀sán.
Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan l'Ókè-Èṣà, ní Iléṣà,
páànù ń ta pó, pó, lókè nínú oòrùn.
Àkọlé iyàn: wúrà tí à ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà,
oore rẹ̀ ju ibi rẹ̀ lọ.

Fọlájìmí Lárìnde ló kọ́kọ́ dìde.
Ẹ wo ọmọ! Ṣòkòtò rẹ̀ gún bí abẹ,
ohùn rẹ̀ ń fà bí ilá alásèpọ̀.
Ó kí adarí ètò, ó kí ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè,
ó kí olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ̀ kì í purọ́,
ó kí wa títí ìṣẹ́jú kan fi lọ nínú mẹ́rin.
Ó ní mílíọ̀nù, ó ní bílíọ̀nù,
kò sọ ẹni tó bá a kà á.
Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.
Mo kọ ọ́: ohùn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìdúró, mẹ́wàá.
Ẹ̀rí...
báírò mi dúró díẹ̀.

Mojírádé Fámúrewá wá dé,
ìbọ̀sẹ̀ kan gùn, ìkejì ti wọ sínú bàtà.
Gbólóhùn kìíní há a lọ́fun,
àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín.
Ó dúró kí ẹ̀rín tán.
Mo fi àmì kékeré sí ìyẹn,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè fún un nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀.

Ó ní: "Alátakò mi sọ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni.
Ẹ̀gbọ́n mi ṣe é fún oṣù mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n odò tí màmá mi ti ń rẹ fùfú
ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Láti òjò èṣí ni a ti ń ra omi,
ọgọ́rùn-ún náírà, kẹ́ẹ̀gì kan.
Kí alátakò mi bá wa ṣírò rẹ̀:
nínú bílíọ̀nù yẹn, ta ni ń san owó omi?"
Ó dákẹ́. Ó ń wojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ mọ òṣómàáló,
tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè,
kò bú, kò lù,
kò sì ní í dìde títí owó yóò fi jáde.
Ìbéèrè ọmọ náà lóṣòó sí àárín gbọ̀ngàn.
Fọlájìmí padà wá, ó tún ki wúrà ní oríkì,
ó gba ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọjá
bí ẹni tí kò rí i.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni,
mo sì ti gbé ife fún ohùn rí.
Lọ́dún kan, ọmọ kan tó ń kólòlò,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ó jìn,
mo gé máàkì rẹ̀ nítorí ètè tó ń gbọ̀n.
Mo bá a pàdé ní Ìsọ̀kùn lẹ́yìn ọdún púpọ̀, abẹ́ mọ́tò ló wà.
Ó yọ orí, ó kí mi dáadáa.
Ìkíni yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí a ro máàkì pọ̀, èmi, Alàgbà Àlàká,
àti Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ tí ń wo aago nítorí ìpàdé,
Fọlájìmí fi máàkì méjì gba ife.
Bádéjọ ní, "Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n sọ."
Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ṣé ó mọ̀ ọ́n gbọ́?"
Àmọ́ ìṣirò ti parí.

Wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ń ti awò ojú mi bọ àpò
nígbà tí Mojírádé wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.
"Mà, níbo ni mo ti kùnà?"
Mo wo ìwé: ohùn, mẹ́fà. Ìdúró, márùn-ún.
Mo ní kó dìde.
Kò dìde.
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni.
Mo fa àga kan sún mọ́ ọn,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè.