Ùkòkò

Òjò ti ń ṣú bọ̀ lórí òkè Ayọ̀ba kí n tó wọlé.
Fámúrewá, aṣọ́lé, ní kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
kì í ṣe torí èèwọ̀ kankan,
òun ló fọ ilẹ̀ láàárọ̀.

Ẹdùn àrá mẹ́fà wà lórí pákó,
ìdárọ́ irin bí ẹ̀wà tó jóná mọ́dìí àpẹ,
ọlọ kan tí ata àtayébáyé
ti gbẹ́ inú rẹ̀ bí ọkọ̀ apẹja.

Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta nìkan ló wà nínú gíláàsì.
Àwọn tó ń gbẹ́ ihò òpó tẹlifóònù n'Íṣàn ló kàn án;
ṣọ́bìrì ti bu ètè rẹ̀ jẹ
kí ẹnì kan tó pariwo pé ẹ dúró.
Káàdì rẹ̀ kà pé: Ìkòkò. Amọ̀.
A kò mọ ẹni tó mọ ọ́n.

Mo fi imú kan gíláàsì.
Lábẹ́ ọrùn rẹ̀, àtàǹpàkò kan tẹ ibẹ̀, ó tún tẹ ibẹ̀;
ìkeje wọ́ díẹ̀,
bí ìgbà tí ọmọ sunkún nínú ilé, tí ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn.
Báyìí ni Ìbíronkẹ́, ìyá ìyá mi, ṣe máa ń tẹ tirẹ̀.
N kò sọ pé òun ni o.
Wọn ò tíì bí ìyá rẹ̀ nígbà náà.

Ùkòkò ló ń pè é. Ulé, usu, ùkòkò.
Tíṣà fi pàṣán lé u yẹn kúrò lẹ́nu mi
kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo yege.

Òjò dé. Páànù ibẹ̀ ń jò.
Fámúrewá ò sọ̀rọ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá
sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà gan-an.
Tó. Tó. Tó.
Ike ń mu omi.
Amọ̀ tí wọ́n mọ nítorí omi
jókòó, ó gbẹ háúháú, ó ń wò ó.

"Ṣé ẹ lè ṣí i, kí n kán omi díẹ̀ sí i?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́kọ́rọ́ wà n'Ábújá."

Nígbà tó jáde lọ da omi nù,
mo tẹ ẹnu mọ́ gíláàsì, mo pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.
Èémí mi bò ó, n kò rí i mọ́.
Díẹ̀díẹ̀ ló tún ń yọ, ètè tó ṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ yọ.

Fámúrewá wọlé, ó fi apá aṣọ nu àmì ẹnu mi,
ó ní kí n má fara kan nǹkan.