Abẹ́rẹ́ Kan Lára Ògiri

Kò sáyè mọ́ ní bárékè, wọ́n ní kí n máa sùn nílùú,
nílé Misisi Tasker, ní Lincoln, nísàlẹ̀ òkè ṣọ́ọ̀ṣì ńlá.
Obìnrin tín-ín-rín. Ìdajì ṣíbí ló fi ń wọn ṣúgà.
Lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀, lókè ibi tí kẹ́tùlù ti ń hó,
ó lẹ máàpù kan tó gé kúrò nínú ìwé ìròyìn,
ó fi abẹ́rẹ́ olórí pupa gún un níbi tí àwọn tirẹ̀ wà.

Wilfred wà ní Ítálì, nínú ẹrẹ̀, odò ń tẹ̀lé odò:
bí wọ́n bá la ọ̀kan já, òmíràn á ti nà gbalaja dè wọ́n.
Cyril wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, nínú yìnyín tó mu ún dé orókùn,
ó kọ̀wé pé búrẹ́dì le débi pé àáké làwọn fi ń là á.
Bàbá wọn wà lójú òkun, níhà àríwá pátápátá,
níbi tí omi ti ń dì mọ́ ara ọkọ̀ bí ìpẹ́ ẹja.
Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í dúró lójú kan;
alaalẹ́ ni ìyàwó ń ṣí i, ó ń fojú díwọ̀n.

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí lọ́jọ́ kan. "Ṣé o lẹ́nìkan?"
Mo ní mo lábùúrò, Ṣówándé, ó wà ní Bọ́mà.
Ó wá Bọ́mà títí, kò rí i. Máàpù ti tán.
Ayé tí wọ́n tẹ̀ síwèé ìròyìn kò dé ọ̀dọ̀ wa.
Ó ronú díẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ kan,
ó rìn kúrò nídìí máàpù, ó kọjá fèrèsé,
ó gún un mọ́ ògiri lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó tó fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́.
"Ó tó ibẹ̀ yẹn, àbí?"
Mo ní ó tó.

Nírọ̀lẹ́, ogún ọkọ̀ á gbéra ní pápá wa,
olóyún iná ni gbogbo wọn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà.
A kà wọ́n lọ. Láfẹ̀mọ́júmọ́, nínú kùrukùru, a ń kà wọ́n bọ̀.
Stan, ọmọ Grimsby, tí a jọ ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, á ní ó pé iye báyìí:
lẹ́nu tirẹ̀, méje ni lórí mẹ́wàá, bí owó tó ń wọlé.
Èmi ò lè kà á bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni.
Mẹ́ta dín. Mẹ́ta ò sí nínú ogún.
Kí n tó pe àwọn tó dé, mo ti pe àwọn tí kò dé.
Ẹni tó fi òǹkà yìí sílẹ̀ fún wa,
ó dà bíi pé òun náà ti dúró létí pápá rí.

Lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, rédíò á sọ̀rọ̀:
wọ́n ti sọdá Ráìnì; àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń súnmọ́ Bàlíìnì.
Bọ́mà, bí wọ́n bá rántí, gbólóhùn kan ni, níparí.

Lẹ́tà Ṣówándé lo oṣù mẹ́ta lọ́nà.
Ẹni tó ń yẹ lẹ́tà wò kò gbọ́ Yorùbá,
síbẹ̀ ó fi yíǹkì pa ìlà mẹ́rin rẹ́;
bóyá àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ ló bà á lẹ́rù.
Èyí tó kù rèé: "Ẹ̀gbọ́n, orí la fi ń ru ìbọn ńlá gòkè.
Eṣúṣú pọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ilẹ̀ yìí jọ ẹ̀yìn oko bàbá wa,
ìyẹn ló ń dùn mí. Igbó tó jọ tiwa ni mò ń yìnbọn sí."

Lóṣù kẹta, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kan mú tẹligíráàmù wá.
N kò béèrè. Abọ́ kan náà ló ń fọ̀, tó tún ń fọ̀.
Nígbà tí mo gbójú sókè, abẹ́rẹ́ Ítálì ti kúrò.
Ihò rẹ̀ kò ju ojú èèrà lọ.
Ó ní, "Odò kan péré ló kù fún wọn."

Lóṣù karùn-ún, agogo orí òkè dún títí ẹyẹlé fi sá nílùú.
Stan mutí yó, ó fẹnu ko ọlọ́pàá lẹ́nu lójú títì.
Misisi Tasker gun àga, ó tú abẹ́rẹ́ Cyril, ó tú ti ọkọ rẹ̀,
ó ká máàpù sí mẹ́rin. "Ó parí."
Ìgbà náà lojú rẹ̀ kan ògiri,
abẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìnuwọ́,
níbi tí òjò ṣì ń rọ̀ lé e lórí.
Kò fọwọ́ kàn án. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi sí kẹ́tùlù,
ó wọn ṣúgà sí tèmi, odidi ṣíbí,
ó dúró díẹ̀,
ó tún wọn ìdajì.