Ohun tí Mo Pa, Ohun tí Ọmọ Mi Ń Kà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pa wọ́n.
Nílé-iṣẹ́ omi, létí odò Ògùn,
mo ń kán omi sórí gíláàsì pẹlẹbẹ,
mo fojú kan sẹ́nu awò amúǹkan-tóbi,
mo rí wọn: abìwo, ẹlẹ́sẹ̀ bí ọwọ̀,
àwọn tí kò tó orí abẹ́rẹ́
tí ń ta pọ́ún bí yọ̀rọ̀.
Mo kọ iye wọn sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i,
mo ní kí wọ́n da álọ́ọ̀mù, kí kilorín tẹ̀lé e.
Nírọ̀lẹ́, Ìbarà mu omi, kò sẹ́ni tó kú.
Kò sẹ́ni tó kú, àbí?

Mosúnmọ́lá ń bẹ níbi tí òkun ti ń dì
bí ojú ọbẹ̀ àná.
Ó pè lálẹ́. “Bàbá, ó ti pé oṣù méjì tí oòrùn kò yọ.”
Mo ní ṣé kò sí àgbà tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni?
Ó rẹ́rìn-ín; ẹ̀rín náà ń já, ó ń so.

Ó ń sọ àwọ̀n sínú ihò yìnyín,
àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ ju gèlè ìyá rẹ̀ lọ.
Ohun tó ń fà jáde, ìbátan àwọn tèmi ni.
“Èyí tó pọ̀ jù ti lọ sùn nísàlẹ̀, Bàbá.
Wọn ò jẹ, wọn ò mu.
Ẹnìkọ̀ọ̀kan gbé kólòbó epo kan sínú,
òun ló ń lá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Àwọn tí kò sùn ń gòkè nínú òkùnkùn,
àmọ́ bí òṣùpá bá yọ, wọ́n á sá wọlẹ̀:
ẹja ń fi ìmọ́lẹ̀ náà dọdẹ.”

Wọ́n mú iná lọ ní Òkè-Ìléwó bó ṣe ń sọ ọ́.
Mo jókòó, n kò wá àtùpà.
Ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ mi, mo fi òrí pa á.
Owó ìfẹ̀yìntì kò tíì dé láti oṣù Ògún;
kí ni mo ń lá?
Ohùn ọmọ yìí, bóyá.

Láàárọ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.
Ọyẹ́ bo afárá, reluwé kan ń fọn fèrè tí n kò rí.
Mo bu omi sínú ife, mo gbé e sókè sí oòrùn.
Ojú lásán, n kò rí nǹkan kan.
Mo rọra dà á padà.