Níbi Tí Kíláàsì Wa Wà

Wọ́n hú ilé ẹ̀kọ́ wa tìpìlẹ̀tìpìlẹ̀
nítorí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Ihò ló kù, omi dúdú sì ti gba ìdí ihò.
Èmi àti Aune jókòó sínú ọkọ̀ létí ibẹ̀,
à ń mu kọfí, à ń ka orúkọ.

Arvid, tó máa ń sá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná
títí kíláàsì á fi máa rùn bí àgùntàn tí òjò pa.
Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.
Tiwa kò tó ogún oṣù tí ogun fi mú Arvid lọ.

Rudi wà ní Duluth. Kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́,
ṣùgbọ́n pè é ní Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án,
bí a ti ń pè é nígbà tó ń gbá họ́kì lórí yìnyín,
wàá rí eyín rẹ̀.

Aune ní èmi ni mo jí ìwé ìdánwò ìṣirò.
Mo ní Milena ni.
Milena ti kú láti oṣù kẹta,
kò sí níbẹ̀ tí yóò jiyàn.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Ó dáa. Èmi ni.

"Mo mọ̀," ni Aune wí. "Ṣebí mo wò ó lára tìẹ."

Ó na ìka sí òfuurufú lókè omi:
"Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àga rẹ wà."
Ẹyẹ kan fò la àárín pátákó ìkọ̀wé kọjá,
kò mọ̀.