Ìṣẹ́jú Márùn-ún Péré

Alága ní: "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré lo ní, oníṣeré,
ọ̀rọ̀ owó oṣù ń dúró dè wá."
Alẹ́ Jímọ̀ ni, ní kíláàsì kẹrin, ní Ògìdì,
níbi tí àpáta ti ń yọjú lójú fèrèsé
bí ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè.
Bẹ́ǹṣì kan ti sọ ẹsẹ̀ nù, òkúta ló fi ń dúró.
Òógùn oko ò tíì gbẹ lára ẹlòmíràn;
ẹlòmíràn ń tẹ fóònù bí ẹni ń wá iná nínú eérú.
Mo ní, "Okun o!"
Wọ́n ní, "Okun," bí ẹni tí okun ti tán lára rẹ̀.

N kò mú nǹkan púpọ̀ wá:
ẹnu mi, ṣọ́ọ̀kì kan, àti ohun tí ìjákulẹ̀ kọ́ mi,
pé eré tó bá gùn ju sùúrù lọ ti di iṣẹ́;
ìgbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ ni kí a dá a dúró.

Mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan sí Mojírayọ̀ létí:
"Ewúrẹ́ Dúrójayé jẹ àgbàdo ìyá olóyè."
Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti etí dé etí,
ó ń bọ́ aṣọ, ó ń wọ òmíràn,
ó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn.
Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ibitóyè, ó dìde, ó kéde rẹ̀:
"Ìyá Dúrójayé fẹ́ jẹ oyè!"
Ẹ̀rín wó bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Dúrójayé fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tí kò sí níbẹ̀.
Alága ò rẹ́rìn-ín. Bàbá tirẹ̀ ń du oyè lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n pa agbo,
kí oníkálukú na ọwọ́ sáàárín,
kí ó di ọwọ́ ẹni tí kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú.
"Ẹ tú ara yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́."
Èmi ò mọ̀ pé ọwọ́ Olúmorótì
ti bọ́ sínú ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún.
Láti ìgbà iṣu tuntun ni wọn ò ti kíra:
ọ̀kan yá alùpùpù èkejì lọ sí Kábà,
ó dá a padà láìní iná iwájú.
Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí ẹni tó tẹ ejò.
Ṣùgbọ́n òfin ni òfin.
Ẹnìkan gba abẹ́ apá, ẹnìkan gorí apá,
"Tẹ̀ ba! Yí padà! Kì í ṣe ìwọ, ìwọ ọ̀hún!"
Mo gbọ́ tí Olúmorótì ní, "Rọra, apá mi ni."
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.
Kókó náà ò tú o. Ẹ má jẹ́ n parọ́.
Ibì kan há láàárín, a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Alága gbé ìwé owó sókè.
Mo ní ó ku ẹyọ kan, ẹ gbé e lọ sílé:
ọkùnrin kan dé etí odò Òyì
pẹ̀lú ìkookò, ewúrẹ́ àti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan.
Ọkọ̀ ò gbà ju òun àti ẹyọ kan nínú wọn.
Bó bá fi ewúrẹ́ sílẹ̀ fún ìkookò, ó ti di ẹran;
bó bá fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ewúrẹ́, agbọ̀n ṣófo.
"Kó yáa pa ewúrẹ́ jẹ," ni Dúrójayé wí. A ní kó jókòó.
Wọ́n jiyàn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n jiyàn gba ẹ̀bá àpáta lọ,
owó oṣù ò sì délẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ku díẹ̀ kí àkùkọ kọ, fèrèsé mi dún.
Àbúrò Ibitóyè ni, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé,
ìrì lórí rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì tó ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun,
ohun tí a bá ti gbé sọdá,
ṣé èèyàn lè gbé e padà?"

N kò tíì lanu
tó ti sá lọ, tó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.