Oṣù Tí Kò Tí ì Dé

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé nínú oṣù tí kò tí ì dé.
Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bo ojú irin ní Brekken, ní Dakota Àríwá,
àwọn ará ilé ṣì ń wá ẹ̀bùn Kérésìmesì kiri,
èmi ti wà ní Èrèlé, mo ń to ọjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì, agogo mẹ́jọ alẹ́, lórí tẹlifíṣàn:
òwìwí funfun tó ń ṣọdẹ lórí òtútù.
Ọjọ́rú, lórí rédíò: ẹgbẹ́ akọrin ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì,
ogójì ohùn, dùùrù kan tí eyín rẹ̀ méjì ti yadi."

Ojú ewé mẹ́rìndínlógún, bébà tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
a ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ilé
tí wọ́n ń dá dọ́là márùn-ún lóṣooṣù
kí rédíò aráàlú má baà kú.
Mo mọ̀ wọ́n.
Mo mọ ìyá àgbà Schmaltz tó ń fi pẹ́ńsù pupa yí ètò po,
tí yóò sì sùn lọ kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀.
Mo mọ àgbẹ̀ tó kọ̀wé sí wa pé:
"Ẹ dín dùùrù kù, ẹ fi kún ọ̀rọ̀ màlúù."

Lójú ewé kẹta, nínú àpótí, mo kọ ọ́ báyìí:
"Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, agogo mẹ́fà àárọ̀:
Verlyn Aasgaard yóò ka ojú ọjọ́ fún ìgbà ìkẹyìn.
Ọdún mọ́kànlélógójì rèé. Ẹ má jẹ́ kó kọjá lójú oorun."
Ó kà á pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, ó fi ìka gbá ọ̀rọ̀ kan:
"Lavonne, 'ìkẹyìn' yẹn le jù. Kọ 'ìdágbére' síbẹ̀."
Mo ní lẹ́tà méjì ló fi gùn jù, àpótí kò gbà á.

A tẹ ìwé. A lẹ sítáǹbù.
Ní ogúnjọ́ Ṣẹ́rẹ́, níbi tó ti ń fi ṣọ́bìrì
kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀,
Verlyn jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò dìde mọ́.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ a fọ́.
Èyí kò fọ́.
Ó ń wọ inú àpótí lẹ́tà lójúlé dé ojúlé,
ó ń ṣèlérí òkú fún àwọn ará oko,
kò mọ̀, kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀gá ní ká fi téèpù àtijọ́ sí i.
Mo ní rárá: ta ló lè fi ojú ọjọ́ èṣí
yan ẹ̀wù tí yóò wọ̀ jáde lónìí?

Ọjọ́bọ̀ pé. Aago mẹ́fà lù.
Èmi tí n kò sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ rí
jókòó sórí àga tó ti jìn ní ìwọ̀n ìdí rẹ̀.
Mo kà á: "Brekken, méjìlélógún nísàlẹ̀ òdo.
Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti àríwá. Ẹ bo etí àwọn ọmọ."
Gbólóhùn rẹ̀ nìyẹn, ọdún mọ́kànlélógójì. N kò ní òmíràn.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.
Kì í ṣe láti ṣọ̀fọ̀. Ojú ọjọ́ ẹnu ọ̀nà tiwọn
ni wọ́n ń pè láti sọ fún mi:
"Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́rìnlélógún."
"Adágún ti dì, ọkọ̀ ẹrù ń gba orí rẹ̀."
"Ajá wa wo ìta, ó kọ̀, ó padà sẹ́yìn sítóòfù."
Àgbẹ̀ màlúù pè, kò sọ nǹkan kan,
mo ń gbọ́ bí àwọn màlúù rẹ̀ ṣe ń mí.
Ìyá àgbà Schmaltz ló pè gbẹ̀yìn:
"Mo sùn lọ kí òwìwí tó fò. Ṣé ẹ ó tún un fi hàn?"

Mo wo tábìlì mi, níbi tí oṣù Igbe ti ń dúró, òfìfo.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: agogo méje alẹ́,
kí oorun tó dé.